Ilẹ̀kùn Ilé Wa Tí Àwọn Àlejò Ń Tò Sí Níwájú

Eléèédú mi, ọmọ tó fi èédú ya gbogbo ògiri ilé wa kó tó mọ ìwé kọ,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù ọ̀hún ti ń fojú àánú wò ọ́? Ìyá rẹ ní kí n kọ́kọ́ béèrè bóyá o ń jẹun, mo sì ti béèrè o, kó má baà sọ pé mo gbàgbé. Ọlọ́run tó mú ọ sọdá òkun kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yọ̀ lójú ọ̀nà. Ní tiwa, a wà. Orúnkún mi ń dún bí àga tí ìṣó rẹ̀ ti tú, èmi tí mo ń tún àga gbogbo àdúgbò ṣe ò sì mọ ibi tí màá ti kan tèmi.

Àwòrán tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ti dé. Ó fi orí oníbàárà sílẹ̀ ní ìlàjì, ó sáré gbé e wá. Mo nu ọwọ́ mi kí n tó fọwọ́ kàn án, mo sì ní kó rọra gbé fóònù náà dúró ṣánṣán kí ilẹ̀kùn má lọ ṣubú. Ọmọ mi, mo lanu títí lẹ́búlẹ́bú pákó fi wọ̀ ọ́. Ṣé ilẹ̀kùn ilé wa nìyí? Èyí tí mo fi pákó àjẹkù kàn lọ́dún tí a bí ọ?

Nígbà tí o kọ̀wé pé kí n yọ ọ́ ránṣẹ́, pé o fẹ́ fi ṣiṣẹ́ ọnà, mo rò pé pákó ló wọ́n lọ́hùn-ún. Díẹ̀ ló kù kí n fi tuntun ránṣẹ́ sí ọ. Ìyá rẹ ló ní rárá, èyí tí mo fi ìṣó fa ìlà sí lára lọ́dọọdún láti fi wọn bí o ṣe ga tó lo ń fẹ́. Bí mo ṣe gbé e lọ sílé ìfìwéránṣẹ́ nìyẹn. Obìnrin tó wà nídìí wíńdò fún mi ní fọ́ọ̀mù. Wọ́n béèrè ẹni tó ṣe é, mo kọ "bàbá ẹ̀." Wọ́n béèrè bóyá ó lábùkù. Èmi kì í bo àbùkù ọjà mọ́lẹ̀, mo bá kọ gbogbo òótọ́: "Ó máa ń há nígbà òjò. Ẹ gbé e sókè díẹ̀ kí ẹ tó tì í. Ẹni tó bá fi ìbínú tì í, kò ní ṣí fún un." Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, mo ní kó má rẹ́rìn-ín, a ò kúkú mọ̀ bóyá òjò ń rọ̀ lọ́hùn-ún.

Àfi bí mo ṣe rí ọ̀rọ̀ yẹn gan-an lára ògiri nínú àwòrán, lẹ́tà rẹ̀ tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ mi! Èdè òyìnbó ni wọ́n yí i sí, tísà tó ń gbé òdìkejì ló kà á fún mi. Iná mẹ́ta ló ń tàn sí ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, àdúgbò wa látòkè dé ìsàlẹ̀ ò ní tó bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin aláṣọ iṣẹ́ kan sì dúró tì í tó ń ṣọ́ ọ, ilẹ̀kùn tó jẹ́ pé òkúta la fi ń tì í.

Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù ni ẹ̀kọ́ ilé àwọn ará ibẹ̀. Mo ka ènìyàn mọ́kànlá tó dúró níwájú rẹ̀, tí wọ́n káwọ́ sẹ́yìn, tí ẹnì kankan ò wọlé. Tiwa níbí, ènìyàn á kanlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan, á ti jókòó kó tó kan ẹlẹ́ẹ̀kejì. Àwọn wọ̀nyí ń dúró kí ẹnìkan dá wọn lóhùn ni. Jọ̀ọ́, ní kí wọ́n máa wọlé, kí o sì wá àga fún wọn. Ìyá rẹ ní a ò tọ́ ọ láti fi àlejò sórí ìdúró.

Lẹ́yìn náà ni tísà ka ọ̀rọ̀ tìrẹ tó wà lápá kejì. Ó ní o kọ ọ́ pé, "Ibi tí mo ti kúrò ò mọ̀ mí mọ́, ibi tí mo wà ò tíì mọ̀ mí. Mò ń wá ilé." Mo ní kó tún un kà. Ìyá rẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi. Ṣé láti ọdún méje yìí, o ò mọ̀nà ni o ò ṣe wá? Kí ló dé tí o ò béèrè? Abèèrè kì í ṣìnà, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀.

Ó dáa, gbọ́. Tí o bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, má tọ ọ̀nà tuntun tí wọ́n da ọ̀dà sí, ìyẹn ló máa tàn ọ́. Gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù oníbàtà, ó ṣì ń béèrè rẹ. Kọjá ẹ̀rọ omi, yà sọ́wọ́ òsì níbi tí o ti ṣubú tí eyín rẹ yọ. Ilé kẹta ni. Ta ló sì sọ fún ọ pé a ò mọ̀ ọ́ mọ́? Nígbà tí ìyá rẹ kun ilé lọ́dún tó kọjá, ńṣe ló kun ọ̀dà yí ẹṣin tí o fi èédú yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ká, kò jẹ́ kí búrọ́ọ̀ṣì kàn án.

Jọ̀ọ́, fi owó àgbékọ́ ilẹ̀kùn méjì ránṣẹ́, èyí tó nípọn. Mo ti fá pákó ilẹ̀kùn tuntun, ó ń dán, ṣùgbọ́n mi ò tíì gé e, torí mi ò mọ bí o ṣe ga tó báyìí. Ìyá rẹ ní àgbàlagbà kì í ga mọ́. Mo ní kí ló mọ̀, ọmọ tí àwọn àjèjì ń tò láti wo ilẹ̀kùn bàbá ẹ̀? Wá dúró ti pákó náà kí n fa ìlà.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ọwọ́ rẹ ò ní gbọ̀n nídìí iṣẹ́, ojú rere lo máa bá pàdé, wàá sì bá wa láyé. Títí o fi máa dé, aṣọ ìbusùn àtijọ́ la ta sẹ́nu ọ̀nà. O ò ní láti gbé nǹkan kan sókè, o ò sì ní kanlẹ̀kùn. Ṣáà wọlé.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, káfíńtà.