Ta Ni Yóò Máa Kí Mi Níbí?

Lichtenberg, Berlin,
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Karùn-ún.

Ìyá Àgbà mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù àlékúmù. Ṣé orúnkún yín ti ń gbà kí ẹ gun àtẹ̀gùn ilé yín ní Altona láìjókòó sinmi lágbedeméjì? Kí Ọlọ́run fún yín ní àlàáfíà tó tó, tó sì ṣẹ́kù. Ara tèmi le dáadáa. Bọ̀ọ̀dá Kàbírù, àbúrò bàbá mi, ẹ̀yin tí ẹ ń ka lẹ́tà yìí fún wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró tún àmì ohùn mi ṣe. Ẹ ṣáà máa kà á lọ.

Mo ti dé láti Áténì, ní ilẹ̀ Gíríìsì, níbi tí olùkọ́ wa mú àwa tó ń kọ́ nípa ohun àtijọ́ lọ. Itẹ́ òkú kan wà láàárín ìlú náà tí wọ́n ń pè ní Kerameikos. Ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ ṣáájú ìgbà Ànábì wa tí wọ́n ti ń sin òkú síbẹ̀. Ẹ ò ní gbà gbọ́ ẹni tí mo kọ́kọ́ rí: ìjàpá! Ìjàpá gidi, tó ń fẹsẹ̀ wọ́ láàárín sàréè bí onílẹ̀. Inú àlọ́ yín nìkan ni mo ti mọ̀ ọ́n. Mo ní, “Bàbá, ta lẹ tún fẹ́ rẹ́ jẹ níbí?”

Bí a ṣe wọlé ni mo ti kí àwọn òkú, bí ẹ ṣe kọ́ mi níbi sàréè Bàbá Àgbà: “Àsàlámù àlékúmù, ẹ̀yin ará sàréè.” Mo ti sọ ọ́ tán kí n tó rántí pé àwọn wọ̀nyí ò gbọ́ sàlámù rí láyé wọn. Miriam ọ̀rẹ́ mi ní, “Ta lò ń kí?” Mo ní àwọn onílé ni. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó wá wo àwọn sàréè náà yíká. Ó ní, “Bóyá ìwọ nìkan lo kí wọn lónìí.” Òótọ́ ni. Èrò pọ̀ níbẹ̀, fọ́tò ni gbogbo wọn ń yà. Kò sí ẹni tó lè ki oríkì ẹnikẹ́ni nínú àwọn òkú náà mọ́.

Nínú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà níbẹ̀, òkúta sàréè kan dá mi dúró. Wọ́n gbẹ́ ìyá àgbà kan sí i lára, ó gbé ọmọ jòjòló mọ́ra, ẹyẹ kékeré wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì bíi pé ó fẹ́ fi bá a ṣeré. Olùkọ́ wa ní ọmọ ọmọ rẹ̀ ni, àwọn méjèèjì ló sì ti kú. Ojú tó fi ń wo ọmọ yẹn, Ìyá Àgbà, ojú tí ẹ fi ń wò mí ni, nígbà tí mo bá ń purọ́ pé mo ti jẹun. Mo sunkún níwájú àwọn àjèjì.

Ọjọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀ ni mo rántí, tí a jọ lọ kí Bàbá Àgbà ní itẹ́ òkú Öjendorf nílùú yín níbẹ̀. Bàbá mi àti Bọ̀ọ̀dá Kàbírù ní Ìsẹ́yìn ni àwọn máa gbé yín lọ tí ọjọ́ bá pé. Ẹ̀yin ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ yín lẹ fẹ́ sùn sí. Nígbà tó ku àwa méjì, ẹ bi mí pé, “Fàthíà, tí wọ́n bá gbà, ta ni yóò máa kí mi níbí?” Mo tẹjú mọ́ fóònù mi, mo ní, “Später, Oma,” pé ó di ìgbà mìíràn. Ẹ kàn tún ìborùn yín ṣe, a sì lọ wọ bọ́ọ̀sì. Mo gbọ́ o. Ẹ̀rù ló bà mí, Yorùbá tí mo fẹ́ fi dáhùn ò sì tíì tó lẹ́nu mi.

Bọ̀ọ̀dá Kàbírù, ẹ ka ibí yìí sókè dáadáa: èmi ni. Èmi Fàthíà ni yóò máa kí yín. Wákàtí méjì péré ni ọkọ̀ ojú irin láti Berlin. Èmi fúnra mi yóò sì bá bàbá mi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan kan kù. Nínú oríkì yín, “Àṣàkẹ́” nìkan ni mo mọ̀, ìyókù ò sí lọ́wọ́ mi. Tí mo bá dé ní Sátidé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ki gbogbo rẹ̀ fún mi títí dé òpin. Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n sórí nísinsìnyí tí ẹ ṣì wà tí ẹ lè bá mi tún un ṣe.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kó pẹ́ gan-an kí n tó lò ó níbi sàréè. Kí ó máa kẹ́ Bàbá Àgbà, kí ó sì jẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ yín gbé ọmọ tèmi náà.

Èmi ni ọmọ ọmọ yín tó ti dáhùn,
Fàthíà Àmọ̀kẹ́.

Mo tún rántí o: ẹ má wulẹ̀ se nǹkan kan dè mí ní Sátidé. Màá ti jẹun nínú ọkọ̀. Mo mọ ojú tí ẹ fi ń wo lẹ́tà yìí báyìí.