Bí Eèsún Ṣe Padà Hù ní Èbúté Mẹ́ta

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Níbi tí mo wà yìí, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ bá mi kí Màmá, ẹ kí ẹ̀gbọ́n mi Rájí àti ìyàwó rẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé ara mi le. A máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọpẹ́ tí mo jẹ yín yìí, mi ò fẹ́ kí nẹ́tíwọ̀kì gé e sí méjì.

Ẹ rántí pé Alhaja tó gbà mí síṣẹ́ ń sin àgùntàn sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó sì gbin eèsún, koríko tí wọ́n ń jẹ, sí ilẹ̀ tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Èmi àti Gàníyù, ọkùnrin ará Ìsẹ́yìn kan, la jọ ń gé e fún wọn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, tí mi ò mọ ẹnì kan, igbe àwọn àgùntàn yẹn láàárọ̀ ni kì í jẹ́ kí n sunkún. Ó máa ń ṣe mí bíi pé ilé wa ni mo jí sí.

Nígbà tí òjò lọ, tí oòrùn wá ń ta bí iná, eèsún kọ̀, kò hù dáadáa mọ́. Bó bá ti yọ ewé díẹ̀, a ti gé e kanlẹ̀, torí ebi ń pa ẹran. Èpò gba ibi tó kù. Àwọn àgùntàn rù, abo kan tó lóyún kò lè dìde dáadáa. Ni àwọn ọmọ Alhaja bá wá, wọ́n ní kí ìyá wọn ta gbogbo ẹran náà, kí wọ́n fi ilẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù.  Alhaja kàn jókòó ti àwọn ẹran rẹ̀ títí wọ́n fi lọ. Bàbá, àyà mi já. Iṣẹ́ mi ló fẹ́ lọ yẹn, pẹ̀lú yàrá tí mo ń sùn.

Ìgbà náà ni mo pè yín, mo bi yín pé kí ló dé tí koríko ilé wa kì í kú bẹ́ẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ ní àgùntàn tiyín ń rìn. Bó bá jẹ níhìn-ín lónìí, ó di ibòmíràn lọ́la, kó tó padà, koríko ti sinmi. Ẹ ní ewé ló ń bọ́ gbòǹgbò, pé ẹni tó ń gé ewé ní gbogbo ìgbà, gbòǹgbò ló ń febi pa.

Mo sọ fún Gàníyù, ó bínú. Ó ní ṣé ìsinmi koríko ni àgùntàn máa jẹ?  Alhaja ló dá sí i, ó ní ká dán an wò, òun á bá àwọn tó ń sun iṣu àti àgbàdo tà ní ọjà Sábó sọ̀rọ̀. Àwọn obìnrin yẹn ò mọ̀ mí rí, síbẹ̀ wọ́n ń kó èèpo iṣu àti háhá àgbàdo pa mọ́ dè mí, kí àgùntàn lè rí nǹkan jẹ. Ọ̀kan nínú wọn, ará Ìjẹ̀ṣà, tún máa ń fún mi ní bọ̀ọ̀lì, ó ní mo rù ju àgùntàn lọ.

A pín ilẹ̀ náà. A ń gé apá kan, a fi ìyókù sílẹ̀, a ò sì gé e kan erùpẹ̀ mọ́. Apá tó kọ́kọ́ sinmi, a ṣe àṣejù níbẹ̀: gíga rẹ̀ wù mí débi pé mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Nígbà tí a máa fi gé e, igi rẹ̀ ti le. Àgùntàn gbóòórùn rẹ̀, wọ́n yíjú. Gàníyù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, èmi náà bá a rẹ́rìn-ín. Látìgbà náà, kó tó gbó la ti ń gé e.

Òjò padà dé, ibi tó sinmi sì hù, ó nípọn, ó bo èpò mọ́lẹ̀. Abo yẹn bí méjì. Ọ̀kan kú lọ́wọ́ mi, ó dùn mí, ṣùgbọ́n èkejì ń fò kiri báyìí. Alhaja sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé òun ò ní ta nǹkan kan. Wọn ò jiyàn. Àkọ́bí rẹ̀ tiẹ̀ ra àdá tuntun fún wa.

Alhaja ní kí n kí yín. Ó ní òun fẹ́ mọ ọkùnrin tó fi fóònù wo ẹran òun sàn. Mo sọ fún un pé bàbá mi ni, orí mi sì wú.

Ẹ kí gbogbo ará ilé àti àwọn aládùúgbò. Ọlọ́run á dá ẹ̀yin àti Màmá sí, ẹ ó jẹun ọmọ kalẹ́.

Èmi ni, Àṣàbí, ọmọ yín.