Bọ̀dá Mútíù Kọ́ Ló Jẹ̀bi

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ojú lọ́nà wa. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ń kí yín láti Agbowó níbí. Mo kí Bàámi, mo kí Àǹtí Ṣadé àtàwọn ọmọ. Gbangba ni mo kọ lẹ́tà yìí sí, nítorí gbangba ni wọ́n ti ba ẹni ẹlẹ́ni lórúkọ jẹ́, èmi náà sì wà níbẹ̀.

Òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́. Mò ń jẹun, mò ń sùn. Ẹ bi mí lórí fóònù pé kí ló ṣe ohùn mi, mo ní kò sí nǹkan. Nǹkan wà.

Ẹ rántí Bọ̀dá Mútíù, ará Ẹlẹ́yẹlé tó bá mi wáṣẹ́ sí ọ́fíìsì wa ní Bódìjà. Èmi ni mo kọ ètò kọ̀ǹpútà tí ilé ìwòsàn kan fi ń tọ́jú èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Òun ló ń mójú tó ẹ̀rọ tí ètò náà wà lórí rẹ̀, àti bátìrì rẹ̀. Tí iná bá lọ, tí bátìrì sì fẹ́ tán, ẹ̀rọ á fi àmì kan, tí à ń pè ní sígínà, ránṣẹ́ sí ètò náà pé kó kó èsì pamọ́, kó dáwọ́ dúró. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, sígínà dé, ètò náà kàn dúró gbagidi títí bátìrì fi kú. Gbogbo èsì àárọ̀ ọjọ́ náà ṣòfò. Ìyá àgbà kan tó ti Móníyà wá na apá kí wọ́n tún fa ẹ̀jẹ̀. Ọ̀gá wa ní Bọ̀dá Mútíù ni kò tọ́jú bátìrì. Èmi náà bá wọn sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n lé e.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ni mo tún iṣẹ́ mi kà. Ètò náà ń ṣe iṣẹ́ mẹ́rin pọ̀, bí òṣìṣẹ́ mẹ́rin nínú yàrá kan. Sígínà lè bá èyíkéyìí nínú wọn. Mo ti kọ ọ́ pé ẹni tí sígínà bá bá, kó gba kọ́kọ́rọ́ àpótí èsì, ẹyọ kan ṣoṣo tó wà, lójú ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ó bá ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń kọ èsì lọ́wọ́. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lágbedeméjì, ó ń retí ẹni tó máa gbé kọ́kọ́rọ́ wá. Òun fúnra rẹ̀ ni.

Mo tún un ṣe. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá, gbogbo wọn ti di etí sí sígínà. Ẹnì karùn-ún tí mo fi kún wọn nìkan ló ń retí rẹ̀, kò níṣẹ́ mìíràn. Tó bá dé, á sọ fún àwọn yòókù, wọ́n á parí èyí tó wà lọ́wọ́, wọ́n á dá kọ́kọ́rọ́ padà. Mo dán an wò léraléra, kò dúró gbagidi mọ́. Inú mi ò dùn, kò sì bàjẹ́.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi mọ̀ tí n kò sọ. Nígbà tí mo sọ, ọ̀gá ní kí n panu mọ́. Mo kọ̀wé sí ilé ìwòsàn fúnra mi. Wọ́n ní kí ọ́fíìsì wa pe Bọ̀dá Mútíù padà.

Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ bá a nílé. Ó bi mí pé ìgbà wo ni mo ti mọ̀. Mo sọ fún un. Ó ní kí ìyàwó òun bu oúnjẹ fún mi. Mo jẹ ẹ́ tán, n kò mọ adùn rẹ̀. Bí mo ṣe dìde, ó ní òun ò lè bá mi jókòó sí ọ́fíìsì kan mọ́ láéláé. Ó tún ní kí n bá òun kí ìyá mi.

Ó kí yín o, Màámi.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí fún wa, kó má jẹ́ ká sin yín lọ́jọ́ àìpé. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, tọmọdé tàgbà.

Èmi ni ọmọ yín,
Bùnmi