Ègbè Tí Mo Yọ Kúrò Nínú Orin

Èmi, Sùrájù Àkànní Kàsúmù, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, olùgbé Bajulaiye ní Ṣómólú, ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún to orin fún ẹgbẹ́ olórin, ni mo ń sọ èyí. Àyà ló ń dùn mí. Orí mi pé. Dọlápọ̀ Adéníjì, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ni kó bójú tó ìhágún yìí.

1. Ilé mi di ti Morọ́láyọ̀, ọmọ mi kan ṣoṣo, tó fi ilé ọkọ sílẹ̀ wá tọ́jú mi. Kí ẹnikẹ́ni má ti Ìjẹ̀bú wá bá a du ú. Ẹni tí mò ń bá wí mọ ara rẹ̀.

2. Àgbò mi, kí ẹ fún Saheed, atẹ̀wé tó háyà ìsàlẹ̀ ilé. Ó ti pẹ́ tó ti ń wò ó bí ẹni ń wo ọbẹ̀.

3. Ìwé orin “Ta Ló Wà Nílé”, èyí tí ègbè ṣì wà nínú rẹ̀, kí ẹ gbé e fún Fàsílátù, opó Adéjìmí, ní Pedro.

Gbogbo yín mọ orin náà. Ọdún tí àwọn ológun kọ́kọ́ gbé ìjọba fún alágbádá la ṣe àwo rẹ̀. Adéjìmí ló kọ ọ́, òun ló lé e, èmi ni mo tò ó. Bó ṣe kọ ọ́, ẹni tó dá wà yóò pè pé, “Ta ló wà nílé o? Ẹ dá mi lóhùn.” Fàsílátù yóò gbè é pé, “Mo wà nílé.”

Mo nífẹ̀ẹ́ Fàsílátù. Adéjìmí ló fẹ́. Owú jẹ mí, mo yọ ègbè rẹ̀ kúrò, mo ní kí gbogbo wa dákẹ́ ka ení dé ẹ̀rin, kí jìtá tó wọlé. Mo ní iṣẹ́ ọnà ni. Irọ́ ni. Adéjìmí bẹ̀ mí pé, “Àkànní, ẹni tó bá pè, ó yẹ kí wọ́n dá a lóhùn.” N kò gbà.

Ìdákẹ́ yẹn ló sọ orin náà di ìlúmọ̀ọ́ká. Láti Bariga dé Akoka, bí ohùn bá ti pè, tọmọdé tàgbà á pa ẹnu mọ́, wọ́n á ka ẹ̀rin pé, kí wọ́n tó bá jìtá lọ.

4. Kí ẹ bá mi sọ èyí fún Fàsílátù, ẹnu mi kò gbà á. Ní oṣù karùn-ún, ọ̀sẹ̀ tí alágbádá tún gba ìjọba, mo lọ bẹ Adéjìmí nítorí ègbè náà. Fàsílátù ti lọ sọ́jà. Mo dé àgbàlá nígbà tí ohùn Adéjìmí ti inú yàrá jáde: ta ló wà nílé, ẹ dá mi lóhùn. Àwọn ayálégbé tó ń fọṣọ dákẹ́. Èmi náà dákẹ́, mo ń fi ìka kà. Ó tún pè. A tún dákẹ́. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín pé bàbá ti gbàgbé ibi tí jìtá ti ń wọlé. Nígbà tí Fàsílátù fi ti ọjà dé, tó ṣílẹ̀kùn, ọkọ rẹ̀ ti kú.

5. Kí ẹ fọ́ àwo orin náà tó wà nílé yìí. Ní Jímọ̀ tó kọjá, àyà gbé mi ṣánlẹ̀ lọ́sàn-án. Mo fẹ́ pe ọmọ mi, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò wá sí mi lẹ́nu. Ohun tó wá ni mo fi pè: ta ló wà nílé o. Morọ́láyọ̀ wà ní ilé ìdáná. Mo gbọ́ tó gbé ṣíbí kalẹ̀. Bí mo bá ní kó máa dá mi lóhùn, yóò bi mí ní ìdí rẹ̀, ojú sì ń tì mí. Nítorí náà, ẹ̀yin ni ẹ ó ka èyí fún un, bí mo bá ti lọ. Ẹ sọ fún un pé kò jẹ̀bi. Ó dákẹ́, ó ka ẹ̀rin pé, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu kọ ti jìtá.

Mo fọwọ́ sí i ní Bajulaiye, ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹjọ, ọdún 1999.

S. À. Kàsúmù

Ojú wa ló ṣe:
Bọ́lárìnwá Ràmọ́nù
Serifat Awwal