Íńjì Géètì Ọ̀gá Rẹ Ti Parí

Àkọ́bí mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú wàhálà ìgboro. Ìyàwó rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ikọ́ ti fi àbíkẹ́yìn sílẹ̀? Ẹlẹ́dàá ò ní fi yín sílẹ̀, iwájú ni ọ̀pá ẹ̀bìtì ń ré sí, iwájú lẹ ó máa lọ. Bí ẹ bá béèrè àwa, ara wa le koko bí ọta, àfi orúnkún mi tó ń han bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí, ìyá rẹ sì ní alágbẹ̀dẹ tí ò rí orúnkún ara rẹ̀ tún ṣe, ilẹ̀kùn ta ló fẹ́ tún ṣe.

Fóònù tí o fi ránṣẹ́ dé. Mo gbé e kọ́ sára ìṣó lágbẹ̀dẹ ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ooru iná ò ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. O ní kí n jẹ́ kó máa gba iná títí á fi kún, mo ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ mo gbé e lọ́wọ́ wò kó tó gba iná, mo tún gbé e wò nígbà tó kún, kò fi bíńtín wúwo sí i. Ọmọ mi, ẹ lajú yín, àwọn tó ń ta iná ń rẹ́ yín jẹ!

Kí n wá sọ ti iṣẹ́. O ní ọ̀gá rẹ ń kọ́lé, ó fẹ́ íńjì méjì tí wọ́n fọwọ́ rọ, irin tí géètì fi ń ṣí tó fi ń padé, pé tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà á máa gbéṣẹ́ wá, àmọ́ tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí n ta ẹwìrì àti òòlù mi, kí èmi àti ìyá rẹ wá bá ọ gbé. Ìyá rẹ ti ń di ẹrù kí n tó fẹ́ná. Inú mi ò dùn sí i o, kí n má purọ́ fún ọ. Láti kékeré ni mo ti ń lu irin, tí mo bá jókòó sójúde rẹ tí mi ò rí nǹkan lù, àfàìmọ̀ kí n má lu ará àdúgbò yín.

Bí fọ́tò íńjì náà ṣe wọlé, ojú ẹsẹ̀ ni mo gbé rúlà lé gíláàsì fóònù. O mọ̀ mí, mi ò kì í fojú díwọ̀n iṣẹ́ oníṣẹ́. Gígùn rẹ̀ ò ju èékánná àtàǹpàkò lọ! Ìyá rẹ ní géètì wo nìyẹn fẹ́ gbé, ti èkúté? Mo ní kó dákẹ́, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ilẹ̀ wọ́n lọ́dọ̀ yín, bóyá bí géètì yín ṣe mọ nìyẹn, ẹ sì ń fi ẹ̀gbẹ́ wọlé.

Iṣẹ́ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí mi. Tí mo bá fi ẹ̀mú mú un, mi ò ní rí i mọ́, tí mo bá sín, inú eérú la ó ti máa wá a. Òòlù ṣọbàtà ni mo lọ yá. Abẹ́rẹ́ ńlá ìyá rẹ ni mo fi lu ihò ìṣó sí i, abẹ́rẹ́ kán, ìjà dé. Àmọ́ nígbà tí méjèèjì parí, wọ́n ń ṣí, wọ́n ń padé, wọn ò dún rárá. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi.

Mo ń wé wọn lọ́wọ́ fún dẹ́rẹ́bà tó máa gbé wọn wá fún ọ ni ìyá rẹ mú fóònù láti tún un wò, ó fi ìka méjì kan fọ́tò náà, ni íńjì bá bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà! Ó tó àtẹ́lẹwọ́, ó tún ń dàgbà, títí ó fi ku ihò ìṣó kan ṣoṣo lójú gíláàsì. Ìyá rẹ ní èwo wá ni ìwọ̀n rẹ̀ nínú gbogbo èyí? Yéè! Mo jókòó pẹ̀ẹ́. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ, mo ń ronú ẹni tí màá ta ẹwìrì fún.

Ìyá rẹ ò bú mi. Ó wọ yàrá, ó gbé àpótí yẹtí rẹ̀ jáde, èyí tó ti ń fi òwú di ìdérí rẹ̀ látìgbà tí a ti fẹ́ra. Ó ní gbogbo ilẹ̀kùn àdúgbò ni mo ti ṣe, tòun nìkan ló kù. Mo kan íńjì méjèèjì mọ́ ọn. Ó ṣí i, ó pa á dé, ó tún ṣí i, ó tún pa á dé, ó wá ní kò sẹ́ni tó ń ta ẹwìrì kankan nínú ilé yìí. Ló bá gbé àpótí kiri àdúgbò. Kí n tó jẹun tán, aránṣọ ti gbé tirẹ̀ dé, àwọn mìíràn sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Nítorí náà, a ò lè wá mọ́, má bínú. Ìyá rẹ ti tú ẹrù. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, fún awò ojú, àti fún abẹ́rẹ́ ìyá rẹ, pàápàá abẹ́rẹ́, kí n lè rí oúnjẹ jẹ. Má gba báǹkì fi rán an o. Wọ́n ní kí n fìka tẹ ẹ̀rọ, iná sì ti jó gbogbo ìlà ìka mi tán, ni ẹ̀rọ wọn bá ní òun ò mọ̀ mí. Èmi tí mo rọ kọ́kọ́rọ́ ilé máníjà!

Ọwọ́ rẹ ò ní ṣófo, ọ̀nà rere ò ní dí mọ́ ọ, wàá jẹun ọmọ bí àwa náà ṣe ń jẹ tìrẹ. Sọ fún ọ̀gá rẹ pé mi ò kọ iṣẹ́ rẹ̀. Kó fi okùn wọn géètì rẹ̀ láti òkè délẹ̀, kó ta kókó síbi tó parí sí, kó fún dẹ́rẹ́bà. Okùn náà gan-an ni mo ní o. Kó má ya fọ́tò ẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, lágbẹ̀dẹ.