Omi Lásán Tí Mo Dà Sínú Àgbá Ìyàwó Ọmọ Mi

Èmi ni mo bà á jẹ́. Kì í ṣe ẹ̀rọ, kì í ṣe ìyàwó ọmọ mi. Èmi ni, ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo fi bà á jẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, mo sì wà nílé níbi tí mo ti ń jẹun, tí mo ń kírun, bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan... Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí page yìí, ẹ má bínú pé àgbàlagbà wá ń tú àṣírí ara rẹ̀ síta láàárín yín. Èmi ò mọ̀wé kọ, mi ò sì mọ̀ ọ́n kà. Ọmọ ọmọ mi, èyí tí ọmọbìnrin mi bí, ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Òun ló sọ fún mi pé àwọn èèyàn máa ń kó ọ̀rọ̀ wá síbí, tí ẹ ó sì sọ òótọ́ fún wọn láìmọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Mo ní kó tẹ gbogbo ohun tí mo bá sọ, kó má yọ ìkankan. Ó ti fajú ro báyìí, a ò sì tíì dé ibi kankan.

Ọṣẹ dúdú ni mò ń ṣe, ní agboolé wa ní Beyerunka níbí. Ìyá ọkọ mi ló kọ́ mi, láti ìgbà tí wọ́n ti mú mi wọlé bí ìyàwó ni mo ti ń rò ó, títí tí ẹ̀yìn mi fi tẹ̀ báyìí. Àwa obìnrin márùn-ún la jọ ń ṣe é, Ìyá Ọlọ́ṣẹ ni wọ́n ń pè mí, èmi sì ni olórí wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. A máa ń jó èèpo kòkó di eérú, a ó da eérú yẹn sínú ajere, ìyẹn ìkòkò tí wọ́n dá ihò sí nídìí, a ó wá da omi lé e. Omi tó bá ń kán jáde nísàlẹ̀, omi eérú nìyẹn, ó máa ń ta bí ata, òun ló bó awọ ọwọ́ mi. Òun la ó fi se àdín, a ó máa fi orógùn rò ó láti àárọ̀ títí di Alásárì. Tí omi eérú bá lágbára, ọṣẹ á mú. Tí kò bá lágbára, àdín á léfòó, ó bàjẹ́ nìyẹn.

Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni mo bí, ó ń ta aṣọ ní Gbági. Ọdún karùn-ún rèé tó ti fẹ́ ìyàwó rẹ̀, ọmọ Kudeti, wọn ò tíì bímọ. Ìyàwó yìí kàwé, ó tún ní òun fẹ́ kà á sí i, ó bá wọ yunifásítì lọ ń ka Masters. Orúkọ ohun tó ń kà, ẹnu mi ò gbé e, ọmọ yìí ló ń bá mi kọ ọ́: Management of Technology and Innovation. Nígbà tí mo bi í pé irú iṣẹ́ wo nìyẹn, ó kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé fún mi dáadáa, mi ò lè parọ́ mọ́ ọn. Ó ní bí èèyàn ṣe ń mú irinṣẹ́ tuntun wọ inú iṣẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń ṣe tipẹ́ ni, kó má baà di pé wọ́n gbé ẹ̀rọ wálé tí ẹnì kankan ò ní lò ó. Ó ní àwọn tíṣà àwọn sọ pé ẹ̀rọ kọ́ ló máa ń le, ẹni tí ẹ̀rọ fẹ́ fọwọ́ kan iṣẹ́ rẹ̀ ló máa ń le, ẹni yẹn ni kéèyàn kọ́kọ́ lọ bá. Ó sì wá bá mi. Ó ní, Ìyá mi, kí lẹ fẹ́ kí ẹ̀rọ bá yín ṣe nínú iṣẹ́ yìí, kí lẹ ò sì fẹ́ kó fọwọ́ kàn? Mo ní kò sí, kó máa ṣe tiẹ̀. Ó tún bi mí. Mo ní ṣé etí rẹ̀ di ni. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó gbé iṣẹ́ fún wẹ́dà kan ní Bẹẹrẹ, wẹ́dà yẹn bá a ṣe àgbá irin ńlá kan tó ní táàpù nídìí, tí a ó máa fi sẹ́ omi eérú, àti ìkòkò kan tí ẹ́ńjìnnì kékeré ń bá èèyàn ro ohun tó wà nínú rẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni iléèwé ní kó fi lò ó pẹ̀lú àwa obìnrin, kó máa kọ gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀, ohun tó bá rí níbẹ̀ ni yóò fi ṣe project rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tan ẹ́ńjìnnì yẹn... ọṣẹ mú kí wọ́n tó pe ìrun Àìlà. Ọṣẹ gidi, ó dúdú, ó rọ̀. Àwọn obìnrin ń jó yí ìkòkò ká. Ìyá Ràmọ́tà, tí a jọ ti ń bá a bọ̀ láti ìgbà ọmọge, jókòó sórí àpótí, ó ní ká ní a ní nǹkan yìí nígbà tí ara ṣì wà lára ni, ẹ̀yìn Ìyá Ọlọ́ṣẹ ì bá má tẹ̀ bí ìwọ̀ irin. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yẹn wọnú mi, kò jáde mọ́. Ṣé pé gbogbo ìyà tí mo jẹ látọjọ́ yìí, ìyà lásán ni? Ṣé ọmọ tí kò tíì bímọ ni yóò wá fi hàn mí pé mo fi ẹ̀yìn mi ṣòfò? Láti ọjọ́ kejì, tí nǹkan bá ti rú wọn lójú, Ìyàwó ni wọ́n ń pè. Ìyàwó, wá wò ó. Ìyàwó, ṣé ó ti tó? Èmi á wá jókòó sí kọ̀rọ̀ bí ẹrù.

Yàrá tí wọ́n gbé àgbá yẹn sí, kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló ní. Nílé wa, ọwọ́ ẹni tó dàgbà jù ni kọ́kọ́rọ́ ibi iṣẹ́ máa ń wà, ìyàwó ilé kì í so ó mọ́dìí. Kò sẹ́ni tó sọ fún un, òun fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi lórí ìkúnlẹ̀. Ká ní ó tọ́jú rẹ̀ sọ́wọ́ ara rẹ̀ ni, mi ì bá má rọ́nà. Lọ́jọ́ kan, ó lọ síléèwé láàárọ̀, ó ní kí wọ́n dúró de òun kí wọ́n tó dáná. Nígbà tí àwọn obìnrin lọ kírun Àìlà, mo ṣílẹ̀kùn. Mo fa omi eérú sínú korobá, mo lọ dà á sí gọ́tà, mo tún fa òmíràn, mo wá fi omi kànga rọ́pò rẹ̀. Ó rọrùn gan-an. Táàpù tó ní kí wọ́n ṣe kí ọwọ́ wa má baà jóná mọ́, òun ni mo yí. Ó dé lọ́sàn-án, wọ́n dáná, wọ́n tan ẹ́ńjìnnì, ó rò ó, ó rò ó, àdín léfòó.

Ibi tí ìkà wà gan-an nìyí... nítorí bíbà tí mo bà á jẹ́ yẹn kò tó mi. Nílé ọlọ́ṣẹ, obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kì í sún mọ́ ìkòkò, a gbà pé ọṣẹ kì í mú lójú rẹ̀. Àwa márààrún ti kọjá ìyẹn tipẹ́. Òun nìkan ló kù tó ń rí i. Mo dìde láàárín wọn, mo bèèrè pé ta ló ń ṣe nǹkan oṣù lọ́wọ́ níbí o? Gbogbo ojú yí sí i. Ọmọ tó ti ń wá oyún láti ọdún márùn-ún wá, mo mú un dúró síwájú àwọn àgbà kó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ni. Ṣé ẹ rò pé ó kàn ṣe wẹ́kú ni? Mo ti rí i tó ń fọ aṣọ rẹ̀ lẹ́yìn ilé láàárọ̀ yẹn, ìdí nìyẹn tí mo fi mú ọjọ́ náà. Lóṣù kejì, mo ka ọjọ́ rẹ̀, mo tún ṣe é. Ọṣẹ tí wọ́n ṣe láàárín ìgbà yẹn mú dáadáa, ṣùgbọ́n ta ló tún rántí ìyẹn? Wọ́n ti rí àmì tí mo fẹ́ kí wọ́n rí. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ, mo pè é ní Masters Àdín-léfòó. Àwọn ìyókù gbà á lẹ́nu mi. Tó bá ti ń bọ̀ láti ìta, wọ́n á ní Masters Àdín-léfòó ti dé o, ẹ tètè dé ìkòkò yín! Á rẹ́rìn-ín, á kí wọn, á kọjá.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ló burú jù. Oṣù mẹ́ta ti fẹ́ pé, mi ò tíì rí i kó fọ aṣọ, mo kàn da omi yẹn nù bẹ́ẹ̀, àdín léfòó, mo bèèrè ìbéèrè mi. Lọ́tẹ̀ yìí, ó gbójú sókè, ó ní rárá o Ìyá mi, kì í ṣe èmi, mi ò tíì rí i lóṣù yìí, ó ti fi ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá. Kò tíì sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ pàápàá, èmi ni mo há a mọ́ tó fi sọ ọ́ níta gbangba. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúà fún un, Ìyá Ràmọ́tà gbá a mọ́ra. Èmi ní a ó máa wò ó. Kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ, nǹkan oṣù dé. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ wú. Ẹ wá gbọ́ ohun tí èmi ìyá ọkọ rẹ̀ lọ bá a sọ níbẹ̀. Mo ní: "Ọṣẹ ti mọ̀ kí ìwọ tó mọ̀."

Ọmọ tó ń tẹ̀ ẹ́ yìí ti dáwọ́ dúró. Mo ní kó tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo wọn padà sídìí ajere, sídìí orógùn, sọ́dọ̀ mi. Oṣù mẹ́ta pé. Supervisor rẹ̀ ní tí kò bá lè sọ ohun tó fa ìbàjẹ́ yẹn, kò sí project, nítorí ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ gan-an ni láti mọ ìdí tí nǹkan tuntun fi ń gbà tàbí tí kò fi gbà. Ọkọ rẹ̀ ní kó fi ìwé sílẹ̀, kó wá máa bá òun jókòó ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn tó ń ra irin àlòkù wá gbé àgbá yẹn lọ. Kò pariwo, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Láàárọ̀ báyìí, á wá bá mi ro ọṣẹ kó tó lọ sí Gbági, á kúnlẹ̀ kí mi, á pọn omi fún mi. Ó ti di irú ìyàwó tí mo fẹ́. Kí ló wá dé tí mi ò fi gbádùn rẹ̀?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó kó gbogbo bébà iléèwé rẹ̀ jọ, ó kó o fún mi, ó ní kí n máa fi di ọṣẹ. Bébà funfun tó dára. A fi di ti àkọ́kọ́, a gbé e lọ sí Ọjà'ba, ó tà. Lọ́jọ́ Sátidé, ọmọ ọmọ mi yìí ń bá mi di èyí tó kù, ló bá di bébà kan mú. Mo ní kí ló dé? Mo ní kó kà á fún mi. Ó ní Ìyá Àgbà, ṣé ó dá yín lójú? Ó kà á. Ìyàwó ní bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń rì bọ omi eérú, tó máa ń yí àwọ̀ padà, òun ló fi ń mọ̀ bó ṣe lágbára tó. Láàárọ̀ kó tó jáde, á rì í. Lọ́sàn-án kí wọ́n tó dáná, á tún rì í. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, omi tó lágbára láàárọ̀ ti di omi lásán lọ́sàn-án. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kọ́kọ́rọ́ kan ló wà, ọwọ́ Ìyá ló sì wà. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ò ní fi èyí sínú project, tí supervisor bá bi òun, òun á ní òun ò mọ̀.

Ó mọ̀ kó tó dáná! Ó mọ̀, ó sì tan ẹ́ńjìnnì yẹn, nítorí tó bá sọ pé omi ò lágbára, wọ́n á bi í pé ta ló dà á nù, ẹnu rẹ̀ ò sì lè pe ìyá ọkọ rẹ̀. Ó dúró gbọ́ gbogbo ohun tí mo sọ, ó mọ̀ pé èmi ni. Ṣé ó mọ̀ pé bébà yẹn wà lára èyí tó kó fún mi? Àbí nítorí ó mọ̀ pé mi ò mọ̀wé ló ṣe kó o fún mi, kí n máa fi ọwọ́ ara mi di ọṣẹ lé ẹ̀ṣẹ̀ mi lórí, kí n máa tà á kiri? Ọjọ́ Sátidé ni mo ti ń rò ó, orí mi ti gbóná.

Ọmọ yìí ní ọ̀rọ̀ ìwé Ìyàwó ṣì ṣeé tún ṣe. Ó ní kí n sọ ohun tí mo ṣe sínú fóònù, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí supervisor yẹn, pé ohun tó ń wá gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n gbogbo ilé ni yóò gbọ́. Ìyá Ràmọ́tà á gbọ́. Ọmọ mi á gbọ́, á kó ìyàwó rẹ̀ jáde lọ gba ilé síbòmíràn, ta ló máa kù sọ́dọ̀ mi? Ẹ má sì rò pé mo ti yí padà pátápátá o. Tí mo bá rántí bí wọ́n ṣe ń jó yí ẹ́ńjìnnì yẹn ká, inú ṣì ń bí mi. Ọmọ yìí ní òun ò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n láti Sátidé, kò jẹ oúnjẹ mi mọ́.

Lánàá, Ìyàwó wá kúnlẹ̀ síwájú mi. Ó ní Ọjọ́bọ̀ lòun ń lọ dá káàdì iléèwé padà, kí wọ́n yọ orúkọ òun kúrò, kí n ṣàdúà fún òun. Mo gbọ́wọ́ lé e lórí. Mo ní Ọlọ́run á fi èyí tó dára ju ìyẹn lọ rọ́pò fún un, ó ní àmín. Mo ní Ọlọ́run á fọmọ jíǹkí rẹ̀, ó ní àmín. Mo ní gbogbo ẹni tó ń ṣọ̀tá rẹ̀, ojú á tì wọ́n. Ó gbójú sókè, ó wò mí lójú, ó ní: "Àmín, Ìyá mi."

Òní ni Ìṣẹ́gun. Ṣé kí n sọ̀rọ̀ sínú fóònù yìí, àbí kí n jẹ́ kó máa lọ? Ṣé ọ̀nà kan wà tó fi lè parí ìwé rẹ̀ láìjẹ́ pé mo la ẹnu? Ẹ bú mi bó bá ṣe wù yín, mo ní kí ọmọ yìí ka gbogbo rẹ̀ sí mi létí... ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kó tó di Ọjọ́bọ̀.