Àwọn Tí Kò Fọwọ́ Kan Yìnyín Rí

                                        Pasaje Las Ortigas 0846,
                                        La Granja,
                                        Santiago.
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹjọ, 1997.

Ẹ̀gbọ́n mi Heriberto ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òtútù o, ẹ sì kú iṣẹ́. Ṣé ara yín le? Ṣé ikọ́ tí ẹ ń wú nígbà tí ẹ sọ̀kalẹ̀ wá kẹ́yìn ti fi yín sílẹ̀? Ṣé wọ́n ti tún ẹ̀rọ amúlémóoru yàrá ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ṣe, àbí ẹ ṣì ń wọ kóòtù sùn? Bàbá Abelino tó ń wa bọ́ọ̀sì yín sọ fún Màámi pé ẹ ti rù, ọ̀rọ̀ náà sì ń ká wa lára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa jẹun.

Àwa náà ń bẹ níbí. Màámi wà, aṣọ rírán ń lọ díẹ̀díẹ̀. Orúnkún ṣì ń yọ màmá yín lẹ́nu, ṣùgbọ́n wọ́n ń rìn, wọ́n sì ń bèèrè yín lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá ti ọ̀nà òkè bọ̀. Òjò ọ̀sẹ̀ tó kọjá tún wọlé bá wa. A gbé bẹ́ẹ̀dì sórí tábìlì, a fi bọ́kẹ́ẹ̀tì gbọ́n omi títí apá fi ń ro wá. Lọ́jọ́ kejì, ní kíláàsì, Bernardita tó ń jókòó níwájú mi yọjú lójú fèrèsé, ó ní, "Ẹ wo òjò aláràbarà! Ẹ wá ro iye yìnyín tó ti kó jọ lókè báyìí!" Inú rẹ̀ ń dùn gan-an. Omi ṣì wà nínú bàtà mi.

Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì yẹn ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Mo ti kọ lẹ́tà yìí lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ya á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin kí ẹ tó bínú sí mi.

Ní oṣù Karùn-ún, nígbà tí yìnyín àkọ́kọ́ bọ́ sórí òkè, olùkọ́ wa kan pẹ́ kó tó dé. Clemente bá dìde níwájú. Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Lọ́yà ni bàbá rẹ̀, lọ́yà ni bàbá bàbá rẹ̀, ọdún kìíní tí gbogbo wa wà yìí náà ló wà, ṣùgbọ́n ó ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí adájọ́ ń dúró dè. Ó ní, "Ẹ̀yin ènìyàn mi, ta ni nínú wa tí kò fọwọ́ kan yìnyín rí? Kó nawọ́ sókè, ẹnikẹ́ni ò ní fi ṣe yẹ̀yẹ́." Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Ximena, tí a jọ ń wọ bọ́ọ̀sì, nawọ́. Èmi náà nawọ́. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì kíláàsì tó gbé ọwọ́ sókè. Gbogbo wa la sì ń rí òkè yẹn láti ìgbà tí wọ́n ti bí wa. Bí a bá ń lọ ra búrẹ́dì láàárọ̀, òun ló ń dúró lópin àdúgbò.

Clemente fọwọ́ lu tábìlì. Ó ní ìtìjú ńlá ni, ó ní nítorí irú nǹkan báyìí gan-an la ṣe ń kọ́ ẹ̀kọ́ òfin. Ó ní gbogbo kíláàsì yóò jọ lọ sí Peñón Blanco, níbi iṣẹ́ yín gan-an, ní ìgbà òtútù yìí, nínú bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo, ẹni tó mọ síkì, eré yíyọ̀ lórí yìnyín, yóò kọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. A pàtẹ́wọ́. Omi lé sí mi lójú, mo ṣe bí ẹni tó ń nu imú.

Ilé wa la ti se kompleto, búrẹ́dì tí a ki sọ́séèjì sí nínú, tí a tà láti fi wá owó. Màámi se sọ́séèjì nínú ìkòkò ńlá tí a lò nígbà ìsìnkú Bàbá àgbà. Èmi àti Ximena gún píà títí èékánná wa fi dúdú, a gé tòmátì, a la búrẹ́dì. Bernardita wá, ó dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ilé wa dùn ún wò, ó sì tètè lọ kí ilẹ̀ má baà ṣú mọ́ ọn ní àdúgbò wa. Gbogbo ará àdúgbò ra kompleto yẹn, títí kan ìyá arúgbó ìsàlẹ̀ tí kò léyín. Àwọn tí kò ní débẹ̀ láéláé ló dáwó kí àwa lè débẹ̀.

Ní àkókò yẹn ni Màámi lọ sí ọjà òkìríkà, wọ́n bá mi ra jákẹ́ẹ̀tì síkì kan tó pọ́n bí ọsàn, tó nípọn bíi tìmùtìmù. Tíkẹ́ẹ̀tì òkè kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣì so mọ́ síìpù rẹ̀. Ẹ kúkú mọ̀ bí àwọn tó ń ṣe síkì ṣe máa ń fi í sílẹ̀ níbẹ̀ títí di ọdún kejì, kí ayé lè rí i. Mo mú sísọ́ọ̀sì kí n gé e, Màámi gba sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní, "Fi sílẹ̀, jàre. Jẹ́ kí wọ́n rò pé o ti débì kan rí."

Mo wọ̀ ọ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ kan tí òtútù mú. Clemente di tíkẹ́ẹ̀tì náà mú, ó kà á sókè. "Vermont! Yasna! Ìwọ tí o nawọ́ níjọ́sí?" Mo ní òkìríkà ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ó ní, "Á jẹ́ pé jákẹ́ẹ̀tì ẹ mọ síkì jù ẹ́ lọ." Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ò burú, ẹ̀gbọ́n mi, àbí èmi ni mo fẹ́ kó má burú. Mi ò mọ ìyàtọ̀ mọ́.

Nígbà tó di oṣù Keje, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yí. Wọ́n ní yìnyín ọdún yìí ti pọ̀ jù, bọ́ọ̀sì ò ní lè gun àwọn kọ́ńà yẹn, àfi ọkọ̀ kéékèèké tó ní ṣéènì lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní owó tí a rí kò lè ra tíkẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ènìyàn, ẹni tí kò bá lè fi kún un kó yọwọ́. Àwọn kan yọwọ́. Ximena wà lára wọn, torí kò rí ohun tó máa fi yá bàtà síkì. Ibẹ̀ ni mo ti la ẹnu mi. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ń ṣiṣẹ́ ní Peñón Blanco, pé wọ́n máa ń fún àwọn òṣìṣẹ́ ní tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ fún mọ̀lẹ́bí. Ẹnikẹ́ni ò bi mí. Ó kàn ń wù mí kí wọ́n gbọ́ ohùn mi ni.

Bernardita dì mọ́ mi. "Yasnita! Irú ẹ̀gbọ́n báyìí lo fi pa mọ́ fún wa látọjọ́ yìí?" Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń gba àga sílẹ̀ fún mi nílé oúnjẹ. Wọ́n mọ orúkọ yín. Wọ́n á ní, "Heriberto wa ńkọ́?" bí ẹni pé ẹ jọ jẹun nínú abọ́ kan rí. Ni mo bá ránṣẹ́ bẹ̀ yín. Nígbà tí ẹ sì fi ránṣẹ́ pé ọ̀gá yín ti gbà, pé tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ yóò dúró dè wá lójú fèrèsé tí wọ́n ti ń gba tíkẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ Sátidé yìí ní orúkọ mi, díẹ̀ ló kù kí n fò sókè.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, wọ́n pè wá jọ. Ọkọ̀ tó máa lọ ti ku méjì, àyè mẹ́jọ péré ló wà, àfẹ́sọ́nà Bernardita sì fẹ́ bá wa lọ. Òun kì í ṣe ọmọ kíláàsì wa, kò tilẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ òfin. Clemente dìde. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká wò ó bí òfin ṣe ń wò ó. Ta ni kò ní pàdánù ohunkóhun tó bá dúró sílé? Yasna ni. Ó lẹ́ni lókè. Ìgbàkígbà tó bá wù ú ló lè gòkè. Àwa tó kù, ẹ̀ẹ̀kan yìí la ní." Ó wá yíjú sí mi jẹ́jẹ́. "Àbí, Yasna?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn nawọ́. Ọwọ́ gbogbo wọn lọ sókè. Ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ tèmi náà lọ sókè.

Ximena gbọ́, ó ń dúró dè mí ní ibùdókọ̀. Ó ní, "Kí ló dé tí o nawọ́?"

"Mi ò mọ̀."

"Wọ́n ń lé ẹ jáde, o ń bá wọn ṣílẹ̀kùn. Tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ so ẹ́ rọ̀ ńkọ́, ṣé wàá bá wọn wá okùn ni?"

Mo bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì yí padà mọ́ mi lẹ́nu. Nínú bọ́ọ̀sì, mo rántí àwọn mẹ́jọ tó ń lọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó nawọ́ ní oṣù Karùn-ún. Ara ògiri yàrá Clemente ni síkì tirẹ̀ ń gbé láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Àwọn tí a tìtorí tiwọn ta kompleto ló wà nílé.

Ìgbàkígbà tó bá wù mí! Ọdún kẹta yín rè é níbẹ̀, wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni wá kí yín ní yàrá òṣìṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń di àga mú kí àwọn èèyàn lè jókòó kí okùn irin gbé wọn gòkè, ẹ sọ fún mi pé ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ ti jókòó níbẹ̀, lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ náà bàjẹ́ tí wọ́n ní kí ẹ lọ gbọ́n yìnyín kúrò lára òpó. Lọ́jọ́ Sátidé, Clemente á jókòó lórí àga tí ẹ dì mú fún un, kò ní wo ojú yín.

Síbẹ̀, màá ti gbà fún wọn. Èmi ni, ẹ kúkú mọ̀ mí. Mo ti ń sọ fún ara mi pé bóyá òótọ́ ni Clemente sọ, pé ọmọ tó bá fẹ́ di lọ́yà kò gbọdọ̀ máa sunkún nítorí jíjókòó nínú ọkọ̀. Àfi ìgbà tí màmá yín wá sílé wa lánàá.

Ìbọ̀sẹ̀ olówùú tí wọ́n hun fún yín ni wọ́n gbé wá kí Bàbá Abelino lè bá wọn gbé e gòkè. Wọ́n jókòó ti iná, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n bi Màámi pé, "Ṣé bàtà òjò mi yìí lè gba òkè?" Màámi ní òkè wo. Wọ́n ní, "Òkè Heriberto ni. Ó ní lọ́dún yìí tíkẹ́ẹ̀tì mọ̀lẹ́bí á kàn mí. Ọdún kẹta tí mò ń gbọ́ ọ rè é. Èmi ò wá eré yìnyín kankan o, ibi tí ọmọ mi ń sùn ni mo fẹ́ fojú rí." Ẹ̀rọ ìránṣọ Màámi dákẹ́. Mo fi ohùn kékeré bèèrè pé tíkẹ́ẹ̀tì mélòó ni wọ́n máa ń fún òṣìṣẹ́ kan lọ́dún. Wọ́n ní, "Mẹ́jọ. Kì í jù bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò sọ fún mi. Ohun tí ẹ ní kí Bàbá Abelino wí ni pé kí n má yọ ara mi lẹ́nu, ó ti wà nílẹ̀. Kí ló dé tí ẹ ò lè sọ pé rárá? Àbí gbogbo ìdílé wa la máa ń nawọ́ báyìí ni?

Nígbà tí màmá yín lọ tán, Màámi ò bú mi. Wọ́n ní, "Kọ lẹ́tà."

Mo ní, "Màámi, wọn ò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ọdún márùn-ún la máa lò pọ̀."

Wọ́n ní, "Ta ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀ báyìí?"

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ gba tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ padà kúrò lójú fèrèsé, kí ẹ sì fi orúkọ màmá yín sí i. Bàbá Abelino ti gbà láti gbé wọn nínú bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ Sọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Jákẹ́ẹ̀tì mi ni wọ́n máa wọ̀. Vermont ṣì wà lára síìpù rẹ̀, ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n bá àwọn lọ. Mi ò tíì dáhùn. Bí mo bá wo òkè yẹn báyìí, ojú Clemente ni mò ń rí níbẹ̀.

Mi ò tíì sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì. Mo gbìyànjú ẹ̀ lónìí. Mo lọ bá Bernardita, ẹnu mi ti là tán, ló bá gbá mi léjìká. "Yasnita, má fajú ro. A óò mọ èèyàn yìnyín kékeré kan síwájú ọkọ̀, a óò gbé e bọ̀ fún ẹ." Kó tó dé La Granja, ó ti di omi. Omi tó ń wọlé bá wa ti tó. Mo ní kó ṣeun, mo kúrò níbẹ̀.

Wọn yóò wá, ẹ̀gbọ́n mi. Bí wọ́n bá dé ojú fèrèsé láàárọ̀ Sátidé tí wọ́n dárúkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde sí wọn fúnra yín. Ẹ má bú wọn. Ìbéèrè tí Clemente bi wá ní oṣù Karùn-ún ni kí ẹ bi wọ́n, pé ta ni nínú wọn tí kò fọwọ́ kan yìnyín rí. Ẹni tó bá nawọ́ sókè, ẹ fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì tèmi. Àwọn tó kù, ẹ sọ fún wọn pé ìgbàkígbà tó bá wù wọ́n ni wọ́n lè gòkè.

Ẹ bá mi kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń gbé yàrá, kí ẹ sì bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá tó ń fi ọbẹ̀ pamọ́ fún yín ní kíṣìnnì. Màámi ní kí ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ tí Bàbá Abelino á gbé wá pẹ̀lú lẹ́tà yìí lọ́la, kí ẹ má tọ́jú ẹ̀ o. Ximena tí ẹ ò mọ̀ náà ń kí yín.

Èmi ni àbúrò yín tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń yá jù,

Yasna Pailamilla.